Ẹni Tí Ó Ń Fi Ọtí Sílẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Dá Rìn: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹgbẹ́ Ìrànlọ́wọ́ Tí Ó Yẹ

Kùtùbá Kìíní

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó ń gba ìronúpìwàdà, tí kì í ti ilẹ̀kùn àánú Rẹ̀ mọ́ ẹrú tí ó bá padà wá. A ń tọrọ ìkẹ́ àti ọ̀là fún Ànábì wa Muhammad, fún àwọn ará ilé rẹ̀, fún àwọn sàábé rẹ̀, àti fún gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin níyànjú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun, nítorí ẹni tí ó bá bẹ̀rù Rẹ̀ ni ó jèrè.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá ní òní jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ilé mọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnu kì í sọ. Ọtí mímu wà láàárín wa. Ó wà lára àwọn kan tí wọ́n ń tò sí sáàfù pẹ̀lú wa, ó sì wà nínú ilé àwọn kan tí wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà. Ní Ilé-Ifẹ̀ wa yìí, láti Sábó dé Lágéré, ẹni tí ó bá ń wá ọtí kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí i. Ẹmu wà, ògógóró wà, bíà wà, paraga tí wọ́n ń pè ní egbòogi wà ní gárèjì láti àárọ̀ kùtù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kékeré tí kò tó 200 mílílítà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ dára, ó lè dín ọtí kù lórí àtẹ. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè yọ ọtí kúrò lára ẹni tí ó ti wọ̀ lẹ́jẹ̀.

A kò wá láti tún sọ fún yín pé hárámù ni ọtí. Ọmọ ilé-kéwú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè wa ni èyí: ẹni tí ó ti mọ̀ pé hárámù ni, tí ó ti búra pé òun kò ní mu ún mọ́, tí ó sì tún padà sí i, tí ó ń sunkún ní òru nígbà tí àwọn ará ilé ti sùn, ta ni yóò bá a rìn?

Bí ìlú Mẹ̀dínà ṣe fi ọtí sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo bí Ọlọ́hun ṣe gba àwọn sàábé lọ́wọ́ ọtí. Kò gbà á lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nínú Sūratul-Baqarah, āyah 219, Ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ inú ọtí tóbi ju àǹfààní inú rẹ̀ lọ. Nínú Sūratun-Nisāi, āyah 43, Ó kọ̀ fún wọn láti súnmọ́ ìrun nígbà tí ọtí bá wà lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni Ó wá ka á léèwọ̀ pátápátá nínú Sūratul-Māidah, āyah 90 àti 91. Ọlọ́hun tí ó dá ara ènìyàn mọ bí ara ṣe ń já ohun tí ó ti mọ́ ọn lára.

Anas ọmọ Mālik sọ ìtàn ọjọ́ tí ìkà-léèwọ̀ náà dé. Òun ni ó ń bu ọtí fún àwọn àgbà nílé Abū Talha. Wọ́n gbọ́ ohùn olùkéde níta, Abū Talha sì ní kí ó lọ da ọtí náà nù. Hádíìsì náà wà nínú Bukhārī àti Muslim pé ọtí ń ṣàn ní òpópónà Mẹ̀dínà lọ́jọ́ náà.

Ẹ kíyè sí ohun kan níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá fi ọtí sílẹ̀ ní Mẹ̀dínà. Ẹni tí ó ń bu ọtí, ẹni tí ó ń mu ún, ẹni tí ó ni ilé, gbogbo wọn ni wọ́n jọ dà á nù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ọ̀rẹ́ kankan tí yóò na ife sí ẹnikẹ́ni. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ni ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ wọn.

Ní ti arákùnrin wa tí ó fẹ́ jáwọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ lónìí, kò rí bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ni ó ń da tirẹ̀ nù. Bí ó bá kí Jímọ̀ tán, iwájú ilé ọtí ni yóò gbà kọjá lọ sílé. Àwọn tí wọ́n jọ ń mu ún ṣì jókòó síbẹ̀, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń pè é. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń sọ pé kò ní ìgbàgbọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò ní ni irú àwọn ènìyàn tí ará Mẹ̀dínà ní.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé wíwá ẹgbẹ́ tí ó yẹ jẹ́ ara tùúbá. Nínú ìtàn ọkùnrin tí ó pa ènìyàn mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, tí ó sì fi ẹnìkan pé ọgọ́rùn-ún, onímọ̀ tí ó bá a sọ òtítọ́ kò fi mọ sí pé ilẹ̀kùn tùúbá ṣí. Ó ní kí ó kúrò ní ìlú rẹ̀ lọ sí ibi tí àwọn tí ń sin Ọlọ́hun wà, kí ó máa bá wọn sìn Ín. Ojú ọ̀nà ni ikú bá a, Ọlọ́hun sì ṣàánú rẹ̀ nítorí ibi tí ó dojú kọ. Àwọn àgbà wa náà ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Sūratul-Asr pàápàá, bí ó ti kúrú tó, kò yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú òfò bí kò ṣe àwọn tí wọ́n gbàgbọ́, tí wọ́n ṣe rere, tí wọ́n sì ń gba ara wọn níyànjú òtítọ́ àti sùúrù. Ẹnìkan kò lè dá gba ara rẹ̀ níyànjú lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ ni, àìsàn sì ni

Àwọn kan ń bi wá pé: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ọtí àmujù, àbí àìsàn? Ìdáhùn wa ni pé méjèèjì ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé ife náà sẹ́nu ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọtí bá pẹ́ lára, ó máa ń yí iṣẹ́ ọpọlọ padà títí ara yóò fi máa bèèrè rẹ̀ bí ó ti ń bèèrè omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka irú èyí mọ́ àìsàn. Ẹ̀ṣẹ̀ ní tùúbá, àìsàn sì ní ìtọ́jú. Ẹni tí ó bá ṣe ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ fetí sí ìkìlọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì nínú yàrá láìjẹ́ kí dókítà mọ̀. Láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹta tí ó bá dá a dúró, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, òógùn lè bò ó, gìrì lè gbé e, ó sì lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn ará ilé lè rò pé iṣẹ́ ayé ni tàbí pé àlùjànnú ni. Ara ni ó ń jà, ó sì lè pa ènìyàn bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni ibi àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni ibi kejì, méjèèjì kò sì dí ìrun àti àdúà lọ́wọ́.

Ìrun ogójì ọjọ́

Ohun kan tún ń lé àwọn ènìyàn wa jìnnà sí mọ́sáláṣí. Wọ́n ti gbọ́ hádíìsì pé a kì í gba ìrun ẹni tí ó mu ọtí fún ogójì ọjọ́, wọ́n sì wí pé, kí ni mo ń kírun sí nígbà náà? Àwọn onímọ̀ wa ti ṣàlàyé èyí. Ẹ̀san ìrun náà ni ó pàdánù. Ọ̀ranyàn ìrun kò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Inú hádíìsì kan náà ni ó sì wà pé bí ó bá ronú pìwà dà, Ọlọ́hun yóò gba ìronúpìwàdà rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ bá ti dá, ṣe alùwàlá, wá sí sáàfù. Má ṣe fi ìrun jíjá kún ọtí mímu.

A sọ ọ̀rọ̀ wa yìí, a sì ń tọrọ àforíjì Ọlọ́hun fún ara wa, fún ẹ̀yin àti fún gbogbo mùsùlùmí. Ẹ tọrọ àforíjì Rẹ̀, Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.

Kùtùbá Kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọ̀là kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ti sọ pé kò yẹ kí ẹni tí ó ń jáwọ́ nínú ọtí dá rìn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ní òun yóò bá wa rìn ni a ń tẹ̀lé. Ẹgbẹ́ kan wà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Alcoholics Anonymous ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì tí ọtí ti bá ayé wọn jẹ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935. Wọ́n rí i pé ọ̀mùtí tí ó ń bá ọ̀mùtí ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ òtítọ́ ń gba ara tirẹ̀ là pẹ̀lú. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí ènìyàn fẹ́ fi ọtí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà wà ní Nàìjíríà, ó sì ń ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó jìnnà. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lábẹ́ àjọ Cochrane lẹ́yìn tí wọ́n yẹ iṣẹ́ ìwádìí 27 wò, èyí tí ó kan ènìyàn 10,565. Wọ́n rí i pé ìtọ́jú tí ó ń mú ènìyàn wọ irú ẹgbẹ́ yìí kò kéré sí àwọn ìtọ́jú mìíràn, ó sì sábà máa ń ju àwọn yẹn lọ ní ti jíjáwọ́ pátápátá.

Àwọn mùsùlùmí náà ti ṣe tiwọn. Ní ọdún 1989, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, wọ́n dá ẹgbẹ́ Millati Islami sílẹ̀. Wọ́n gba ọ̀nà ìgbésẹ̀ méjìlá ti ẹgbẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì gbé e ka orí Al-Kùránì àti Súnnà. Ẹni tí ó bá wo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí yóò rí i pé wọn kò jìnnà sí májẹ̀mu tùúbá tí a mọ̀: kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, kí a kábàámọ̀, kí a pinnu láti má padà síbẹ̀, kí a sì dá ẹ̀tọ́ ènìyàn padà fún un.

Àmì ẹgbẹ́ tí ó yẹ

Bí ẹ bá ń wá ẹgbẹ́ fún ara yín tàbí fún ẹni yín, ẹ wo àmì méje wọ̀nyí.

Èkínní, kí ó jẹ́ ẹgbẹ́ tí ó ń pa àṣírí mọ́. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ọjà. Ẹni tí ó bo àṣírí mùsùlùmí, Ọlọ́hun yóò bo tirẹ̀.

Èkejì, kí ó má ṣe fi ìyà jẹ ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní ilé àtúnṣe ìwà ní agbègbè Òjòó ní Ìbàdàn. Orúkọ ẹ̀sìn wa ni wọ́n fi ń ṣe é. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dùn wá. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán kì í wo ọtí sàn, ẹ má ṣe fi ọmọ yín sí ibi tí wọn kò bá ti jẹ́ kí ẹ rí i.

Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe lòdì sí oògùn dókítà. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ da oògùn ilé ìwòsàn nù kí àdúà tó lè ṣiṣẹ́, ẹ sá fún un.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe ta ìwòsàn. Owó omi àti owó iyàrá kò burú. Ẹni tí ó bá ṣèlérí pé ọjọ́ méje ni òun yóò fi yọ ọtí lára, tí ó sì dá owó gọbọi lé e, oníṣòwò ni.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó jẹ́ pé fífi ọtí sílẹ̀ pátápátá ni wọ́n ń lé. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti máa mu díẹ̀. Ti mùsùlùmí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, kí ó má ṣe gba ẹ̀sìn lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ ìpàdé ni ó máa ń wáyé nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀sìn mìíràn nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ààyè. Ibi ìpàdé nìkan kò sọ ènìyàn di ẹlẹ́sìn mìíràn. Bí wọ́n bá dárúkọ agbára tí ó ju ti ènìyàn lọ, ìwọ mọ Ẹni tí Ó ni agbára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní dandan ni kí o ṣe ìjọsìn wọn, dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí o wá ibòmíràn.

Èkeje, kí ó jẹ́ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ lè dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó dára jù ní ìlú tí owó ọkọ̀ rẹ kò ká kò wúlò fún ọ tó ti ènìyàn mẹ́ta tí ń pàdé ní tòsí. Kí àwọn obìnrin sì wá ti àwọn obìnrin, nítorí pé ìtìjú tiwọn pọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, wọ́n sì ń fi í pamọ́ títí àìsàn yóò fi wọra.

Má ṣe ìdájọ́ ẹgbẹ́ lórí ìpàdé kan. Lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí o bá rí ibi tí ẹni tí ó ti ṣubú tún lè wọlé láìsí pé wọ́n fi í ṣe ẹlẹ́yà, dúró síbẹ̀.

Ibi tí a lè gbà wọlé láti Ilé-Ifẹ̀

Ọlọ́hun ti ṣe é ní ìrọ̀rùn fún ìlú wa. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà láàárín wa, ó sì ní ẹ̀ka tí ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ẹ má bẹ̀rù orúkọ ẹ̀ka náà. Àwọn dókítà rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ọtí àmujù. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bèèrè àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n mọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta náà wà, ó ní ẹ̀ka tí ó dá dúró fún ọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn olóró. Ibẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 sí í fi àwọn aláìsàn sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, tí ẹbí wọn ń bá wọn gbé, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Ayé gbọ́, ayé yìn ín. Ohun tí baba náà mọ̀ kò ju ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀ lọ: àárín ènìyàn ni ara ti ń yá. Àjọ NDLEA pẹ̀lú ní nọ́ńbà ìpè ọ̀fẹ́, 0800 10 20 30 40, fún ẹni tí ó bá ń fẹ́ ìmọ̀ràn.

Bí kò bá sí ẹgbẹ́ nítòsí yín, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan. Ènìyàn mẹ́ta ti tó. Ẹ yan ọjọ́ kan láàárín Mágárìbì àti Ìṣáì, ẹ yan yàrá tí ó ní ilẹ̀kùn. Kí oníkálukú sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wáàsí lé ẹlòmíràn lórí. Ẹ gba nọ́ńbà ara yín, kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí ọtí ní òru lè pe ẹnìkan. Ẹ wá dókítà tàbí nọ́ọ̀sì kan tí yóò jẹ́ alábàárò yín.

Ojúṣe àwa yòókù

Ọkùnrin kan wà ní ayé Ànábì, Abdullah ni orúkọ rẹ̀, ó máa ń pa Ànábì lẹ́rìn-ín. Wọ́n mú un wá nítorí ọtí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí ẹnìkan ṣẹ́ èpè lé e, Ànábì kọ̀ fún un, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Umar náà, bí ó ti le tó, nígbà tí kò rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Ṣáámù mọ́, tí wọ́n ní ọtí ti gbé e lọ, lẹ́tà ni ó kọ sí i. Ó fi àforíjì Ọlọ́hun àti líle ìyà Rẹ̀ sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ Sūratu Ghāfir, ó sì ní kí àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ òun ṣe àdúà fún un. Ọkùnrin náà kà á títí ó fi sunkún, ó sì jáwọ́. Umar wá kọ́ wọn pé bí arákùnrin wọn bá yọ̀ ṣubú, kí wọ́n gbé e dìde, kí wọ́n má ṣe ran Ṣàítánì lọ́wọ́ lórí rẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹ yéé pe ẹni tí ó ti jáwọ́ ní ọ̀mùtí. Ẹ̀yin ìyàwó àti òbí, ẹ má ṣe máa san gbèsè ilé ọtí fún un, ẹ má sì ṣe tì í síta. Ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe wòlímọ̀, ìgbéyàwó àti fídáù, ẹ yé gbé bíà kalẹ̀ fún àlejò lẹ́yìn tí ààfáà bá ti lọ. Ẹni tí ó ti fi oṣù mẹ́fà jáwọ́ lè jókòó sábẹ́ àtíbàbà yín lọ́jọ́ náà, kí ó sì jẹ́ pé nílé mùsùlùmí ni wọ́n ti dá a padà sínú ohun tí ó sá fún.

Ìwọ arákùnrin, ìwọ arábìnrin, tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, o kò ní láti na ọwọ́ sókè lónìí. Wá bá Lèmọ́mù ní ìdákọ́ńkọ́, tàbí kí o gba ilé ìwòsàn lọ tààrà. Ìgbésẹ̀ kan ni kí o gbé kí Jímọ̀ mìíràn tó dé.

Ọlọ́hun Ọba, gba tùúbá àwọn tí wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ Rẹ. Fún àwọn tí ọtí dè ní ìtúsílẹ̀, fún ara wọn ní ìlera, fún wọn ní alábàárìn rere. Bo àṣírí wọn ní ayé àti ní ọ̀run. Má ṣe jẹ́ kí ilé wa, ọwọ́ wa tàbí ẹnu wa jẹ́ ohun tí yóò dá wọn padà. Ṣe ìlú wa ní ìlú tí ẹni tí ó fẹ́ ṣe rere yóò ti rí ẹni bá a ṣe é. Àmín, Ọba gbogbo ẹ̀dá.